Orí Ilẹ̀ Ta Ni Wọ́n Tún Un Tò Sí? Barracoon àti Amẹ́ríkà Lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé

Zora Neale Hurston parí ìwé Barracoon ní 1931, ṣùgbọ́n ìwé náà kò dé ọwọ́ òǹkàwé títí di 2018. Láti ìgbà tí ó ti jáde, òkun ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ń wá nínú rẹ̀: ọkọ̀ Clotilda, àgọ́ ẹrú ní etíkun Ouidah, àti ìrìn-àjò tí ó gbé Kossola, ọ̀dọ́mọkùnrin bí ẹni ọdún 19, dé Alabama ní 1860. Àwa onímọ̀ èdè àti àṣà Yorùbá náà kò yàtọ̀. Bí a bá ti gbọ́ pé ọmọ Yorùbá ni ọkùnrin náà, orúkọ àti ìlú ni a kọ́kọ́ ń tú ìwé náà wò fún. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé ẹni tí ó bá fi ojú òkun nìkan wo Barracoon yóò ṣi ìwé náà kà. Ìwé nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogun ni. Ó ń bi orílẹ̀-èdè tí ó sọ pé òun ti tún ara òun tò léèrè pé orí ilẹ̀ ta ni ó tún ara rẹ̀ tò sí.

Ìtàn ogun náà kò ṣàjèjì sí òǹkàwé, nítorí náà a ó kàn fẹnu bà á. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 4 ni ó ṣì wà ní oko ẹrú nígbà tí Clotilda gúnlẹ̀. Timothy Meaher, olówó ọkọ̀ ojú omi kan ní Mobile, ni ó ná owó ìrìn-àjò náà. William Foster ni ọ̀gá ọkọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n kó ènìyàn bí 110 sọ̀kalẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má baà sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1861 ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ìjọba Àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí wọ́n ya kúrò nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1863, Lincoln kéde òmìnira fún àwọn ẹrú tí wọ́n wà ní ìkáwọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Àwọn ọkùnrin dúdú bí 180,000 sì wọ iṣẹ́ ológun Ìjọba Àpapọ̀. Lee túúbá ní ọjọ́ 9 oṣù kẹrin 1865. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Mobile bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun Àríwá, ọjọ́ náà gan-an sì ni Kossola gbọ́ pé òun kì í ṣe ẹrú mọ́.

Èwo nínú gbogbo èyí ni ó wà nínú ìtàn tí Kossola sọ? Díẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá ń wá àwọn ọ̀gágun níbẹ̀ yóò pòfo. Láti ilé ìdáná ni ogun gbà wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀: kọfí wọ́n, wọ́n sì ń yan ìrẹsì láti fi rọ́pò rẹ̀. Ó ní àwọn gbọ́ pé àwọn ará Àríwá ń jà kí ẹrú lè gba òmìnira, inú àwọn sì dùn sí i. Wọ́n ń gbọ́ ìró ìbọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dúró títí, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Wọ́n wá rò pé bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn ni àwọn aláwọ̀ funfun ń torí rẹ̀ jà. Àwọn òǹkọ̀wé kan ní Gúúsù ti pẹ́ tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ni wọ́n jà fún, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrú. Kossola tí ó jẹ́ ẹrú náà ṣiyèméjì, ṣùgbọ́n ìdí tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: ohun tí ogun mú dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ó fi ń wọn ogun. Bí ogun òmìnira kò bá tíì dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ní èbúté Mobile, kí ni ó fi ń jẹ́ ogun òmìnira?

Ìwọ̀n ààyè tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbà nínú ìwé náà ti tó ẹ̀rí. Ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́fà ni Kossola fi ṣe ẹrú, orí tí ó sọ nípa rẹ̀ sì kúrú gan-an. Ohun tí ó tẹ̀ lé e, ìyẹn òmìnira, ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ òfin àti ikú àwọn ọmọ, ni ó gba ojú ewé jù. Àwọn tí ó pe ìwé náà ní ìtàn ìmúnilẹ́rú kò ka ìdajì rẹ̀ kún.

Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni góńgó ìwé náà. Nígbà tí àwọn ológun kéde òmìnira, ìbéèrè tí àwọn ọmọ Clotilda bi wọ́n ni pé níbo ni kí àwọn lọ. Àwọn ológun kò mọ̀. Wọ́n ṣe ìlù, wọ́n lù ú bí wọ́n ṣe ń lù ú nílé, wọ́n yọ̀. Wọ́n fẹ́ padà sí Áfíríkà, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò sí. Nígbà náà ni wọ́n fẹnu kò pé kí Kossola bá Meaher sọ̀rọ̀. Ó ń gé igi lọ́jọ́ náà. Meaher wá jókòó sórí igi tí ó ti wó lulẹ̀, ó sì bi í pé kí ló dé tí inú rẹ̀ kò dùn. Kossola ṣàlàyé pé wọ́n kó àwọn kúrò nílé àti lórí ilẹ̀ àwọn, wọ́n fi àwọn ṣiṣẹ́ láìgba owó, nísinsìnyí tí àwọn sì ti di òmìnira àwọn kò ní ibi tí àwọn yóò forí pamọ́ sí. Kí ó fún àwọn ní ilẹ̀ díẹ̀. Meaher fò dìde pẹ̀lú ìbínú. Ó ní òun tọ́jú àwọn ẹrú òun dáadáa nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹrú, nítorí náà òun kò jẹ wọ́n ní ohunkóhun.

Ẹ wo bí Kossola ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Kò ṣagbe. Bí ẹni tí ó ń rojọ́ níwájú àwọn àgbà ni ó ṣe: ó ka ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, ó ka iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe, ó wá sọ ohun tí ó tọ́ sí wọn. Meaher náà gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, torí èsì ẹni tí a ń sin ní gbèsè ni ó fọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ra ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlàgi, àwọn obìnrin ń gbin ẹ̀fọ́, wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ tí kò tó nǹkan kí owó lè ṣẹ́kù. Meaher kò dín kọ́bọ̀ kan fún wọn. Ẹni tí wọ́n jí gbé wá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó sanwó kí wọ́n jí i gbé. Africatown nìyẹn, ìlú tí ó wà ní ẹ̀bá Mobile títí di òní.

Kì í ṣe pé ìjọba kò ronú kan ilẹ̀ rárá. Ní oṣù kìíní 1865, ọ̀gágun Sherman pàṣẹ pé kí wọ́n pín ilẹ̀ etíkun South Carolina, Georgia àti Florida fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan kò ní gbà ju éékà 40 lọ. Kí ọdún náà tó parí, Ààrẹ Andrew Johnson ti ní kí wọ́n dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà padà fún àwọn olówó ẹrú. Àwọn tí kò rí ilẹ̀ rà ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n ń pín irè, gbèsè sì ń ga sí i lọ́dọọdún. Àwọn kan nínú wa máa ń túmọ̀ ètò yìí sí ìwọ̀fà. Ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu. Ìwọ̀fà mọ iye tí wọ́n yá, ọjọ́ tí owó náà bá pé ni ó bọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ onílẹ̀ ni ìwé gbèsè àwọn àgbẹ̀ Gúúsù wà, òun nìkan ni ó sì ń ṣírò rẹ̀. W. E. B. Du Bois, nínú Black Reconstruction tí ó jáde ní 1935, sọ pé àwọn ẹrú fúnra wọn ni ó yí ogun náà padà nígbà tí wọ́n kọ iṣẹ́ oko sílẹ̀ tí wọ́n sá tọ ọmọ ogun Àríwá lọ, àti pé àìpín ilẹ̀ ni ó gba agbára lọ́wọ́ òmìnira wọn. Ọdún 1935 yìí kan náà ni Kossola kú. Ohun tí Du Bois wá nínú ìwé àti ìjábọ̀ ìjọba, Kossola ti fi ìtàn igi gígé kan sọ ọ́.

Ibòmíràn tí ó yẹ kí lámèyítọ́ dúró sí ni bí wọ́n ṣe yan Gumpa ṣe olórí. Ọmọ Dahomey ni Gumpa, ó sì bá ìdílé ọba tan. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ni ó kógun wọ ìlú Kossola ní ìdájí, tí wọ́n bẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí, tí wọ́n sì gbé àwọn orí náà dání lọ. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn tí ó kù fẹ́ dá ìlú sílẹ̀, ọmọ Dahomey ni wọ́n fi ṣe olórí. Àlàyé Kossola kò gùn: ọba Dahomey ni ó tà wọ́n, ẹ̀bi Gumpa kọ́. Wọ́n yan adájọ́ méjì, wọ́n ṣòfin, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé.

Ẹ fi èyí wé bí Amẹ́ríkà gan-an ṣe parí ìjà tirẹ̀. Àwọn Àtúnṣe mẹ́ta wọ inú ìwé òfin ilẹ̀ náà: èyí tí ó fòpin sí oko ẹrú ní 1865, èyí tí ó sọ àwọn tí wọ́n bí níbẹ̀ di ọmọ ìlú ní 1868, àti èyí tí ó dáàbò bo ìbò àwọn ọkùnrin dúdú ní 1870. Ní 1877, àwọn olóṣèlú Àríwá àti Gúúsù ṣe àdéhùn, àwọn ológun Ìjọba Àpapọ̀ sì ṣíwọ́ ìṣọ́ ní Gúúsù. David Blight ti fi hàn nínú Race and Reunion (2001) pé orí àwọn aláwọ̀ dúdú ni ìlàjà àwọn aláwọ̀ funfun wọ̀nyí gbà kọjá. Ìlàjà ti Africatown yàtọ̀, torí wọn kò fi ẹnì kẹta san owó rẹ̀. A kò sọ èyí láti fi òróró pa ìtàn náà lára. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà fi àwọn ará Africatown ṣẹ̀sín, wọ́n pè wọ́n ní ará oko tí kò lajú, àwọn ọmọ Kossola sì jà nítorí rẹ̀.

Ohun tí òfin tí wọ́n tún tò náà ṣe fún un kò pọ̀. Ọkọ̀ ojú irin kọlù ú ní 1902. Ìgbìmọ̀ adájọ́ ní kí ilé-iṣẹ́ rélùwéè san dọ́là 650, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Alabama sì fagi lé e. Ọlọ́pàá agbègbè yìnbọn pa ọmọ rẹ̀ kan. Ọkọ̀ ojú irin pa òmíràn. Ọ̀kan jáde nílé, wọn kò rí i mọ́. Gbogbo ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó ṣáájú rẹ̀ lọ. Sylviane Diouf, nínú Dreams of Africa in Alabama (2007), gbà pé agbègbè Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni ilé rẹ̀, ó sì túmọ̀ orúkọ Kossola sí ti òbí tí ọmọ rẹ̀ kò kú mọ́. Yorùbá ní ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo ta. Bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Apá ìkẹyìn òwe yìí, tí a sábà máa ń gbàgbé, ni gbogbo ohun tí Kossola ń sọ fún Hurston.

Hurston pẹ̀lú kò mọ́ tónítóní. Àpilẹ̀kọ tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde nípa Kossola ní 1927, inú ìwé Emma Langdon Roche ni ó ti da púpọ̀ nínú rẹ̀ kọ láìsọ bẹ́ẹ̀. Nínú Barracoon, ó ti jókòó ti bàbá náà, ó bá a jẹ èso, ó sì dákẹ́ nígbà tí bàbá kò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbò kò rí ààyè gidi nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ òfin Alabama ti 1901 ti gba ìbò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláwọ̀ dúdú. Àlàfo ńlá ni èyí jẹ́ nínú ìwé tí a sọ pé ó jẹ́ ti sáà Àtúntò.

Ibi tí Hurston ti borí ni èdè. Ilé ìtẹ̀wé Viking fẹ́ kí ó yí ọ̀rọ̀ Kossola padà sí Gẹ̀ẹ́sì gidi; ó kọ̀, ìwé náà sì wà nílẹ̀ títí ó fi kú. Bí a bá fẹ́ tú u sí Yorùbá, ìbéèrè Viking yóò tún bá wa. Yorùbá àjùmọ̀lò yóò fọ ẹnu bàbá náà mọ́ ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ lọ. Orúkọ àkọ́bí rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wa: Aleck ni ti Amẹ́ríkà, Iyadjemi ni ti ilé, kò sì sí òǹkàwé Yorùbá tí ó nílò àlàyé kí ó tó gbọ́ Ìyàjẹmí níbẹ̀. Ilé ni a ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lẹ́yìn òmìnira ni wọ́n sì bí ọmọ yìí, lórí ilẹ̀ tí Àtúnṣe ti 1868 ti sọ pé ó jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀. Olùtumọ̀ tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà yóò ní láti kọ́kọ́ dé Bantè, kí ó fetí sí bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe ń rojọ́ ilẹ̀, kí ó sì ti ibi tí Kossola ti ń gé igi bẹ̀rẹ̀, kó tó kan orí tí ó sọ nípa ọkọ̀.