Ta Ni Ó Ń Díwọ̀n Ọmọ? Lámèyítọ́ Lórí Eré Football Manager Orí Fóònù, Láti Woliwo ní Onitsha

Ìfáárà

Fún ìgbà pípẹ́, ewì, ìtàn àròsọ, eré onítàn àti fíìmù àgbéléwò ni àwa onílámèyítọ́ ń gbé yẹ̀ wò. Géèmù orí fóònù kò tíì rí àyè jókòó láàrin wọn. Bí olùkọ́ bá tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, ìkìlọ̀ ni ó máa ń jẹ́: ó ń fi àkókò ṣòfò, ó ń ba ojú jẹ́, ó ń gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Bébà yìí kò wá láti jiyàn lórí àwọn ìkìlọ̀ wọ̀nyẹn. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé géèmù ìdarí ìkọ̀ agbábọ́ọ̀lù jẹ́ ìwé fúnra rẹ̀. Ọ̀dọ́ ń kà á, ó sì ń kọ́ ọ ní èrò kan pàtó nípa ọmọ ènìyàn. Olùkọ́ tí kò bá mọ èrò náà kò lè dá a lóhùn.

Woliwo, àdúgbò kan ní Onitsha ní ìpínlẹ̀ Anambra, ni a dúró sí láti wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìdí méjì ló fà á. Èkíní, Onitsha jẹ́ ìlú ọjà létí odò Ọya, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń kọ́ òwò lábẹ́ ọ̀gá. Fóònù ọwọ́ wọn sì ni ìtura tó súnmọ́ wọn jù nígbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Èkejì, ìlú yìí kan náà ni àwọn ìwé pélébé ọjà Onitsha ti jáde, láti àwọn ọdún 1940 títí di àkókò ogun abẹ́lé. Ìwé olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n, tí àwọn ọmọ ilé ìwé àti ọmọ ọjà ń rà kà. Ní àwọn ọdún 1970, Emmanuel Obiechina kọ ìwé lé wọn lórí, ó sì fi hàn pé wọ́n tó ohun tí ọ̀mọ̀wé lè jókòó tì. Onitsha ti kọ́ wa nígbà náà pé kí a má fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ọ̀dọ́ ń kà lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ yẹn náà ni a fẹ́ lò níbí.

Bí géèmù náà ṣe dé ọwọ́ wa

Football Manager ni géèmù tí a ń sọ. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, Paul àti Oliver Collyer, ló ṣẹ̀dá rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1992 ni ó kọ́kọ́ jáde lórí kọ̀ǹpútà, Championship Manager sì ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wọn, Sports Interactive, àti àwọn tó ń bá wọn tà á pínyà, orúkọ àtijọ́ kù sọ́wọ́ àwọn yẹn, iṣẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà sì di Football Manager láti 2004. Ní 2006 ó wọ PSP, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú ti Sony. Ní 2010 ó dé orí iPhone, ní 2012 ó dé orí Android. Android yìí ló ṣílẹ̀kùn fún ọ̀dọ́ Woliwo, nítorí òun ni fóònù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n láti òpin ọdún 2023, abẹ́ Netflix ni ẹ̀dà tuntun ti orí fóònù ti ń jáde. Ẹni tí kò bá san owó oṣooṣù fún Netflix kò ní rí i gbá. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì ní owó tirẹ̀ yóò máa bá ẹ̀dà àtijọ́ lọ ni.

Nínú géèmù yìí, ẹsẹ̀ ọmọ kò kan bọ́ọ̀lù. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́. Ó ń yan ẹni mọ́kànlá, ó ń pinnu bí wọn yóò ṣe tò lórí pápá, ó ń rà, ó ń tà, ó ń ṣọ́ owó tí àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ fi sí i lọ́wọ́. Bí ìkọ̀ rẹ̀ bá ń fìdí rẹmi, wọ́n lè yọ ọ́ níṣẹ́. Agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n láti 1 dé 20 fún oríṣiríṣi nǹkan: eré sísá, bọ́ọ̀lù gbígbá wọlé, agbára, ìgboyà, ìpinnu.

Ohun tí ó kọ́ni dáadáa

Kí a sọ òótọ́ sí i: géèmù yìí ní làákàyè nínú. Ọ̀dọ́ tó bá ná gbogbo owó rẹ̀ lórí atamátàsé kan ṣoṣo yóò rí i pé ẹ̀yìn ilé ṣí sílẹ̀. Ẹni tó bá lo àwọn mọ́kànlá kan náà láìsinmi yóò rí i pé àárẹ̀ dé, èṣe dé, ìkọ̀ sì wó kí sáà tó parí. Ó ń kọ́ni ní sùúrù, ìṣirò owó àti bí a ti í wo ọ̀la. Ó tún ń mú ọmọ ka nǹkan púpọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àti òǹkà ló kún ojú fóònù náà. Olùkọ́ ìṣirò tó ń wá àpẹẹrẹ ìdá ọgọ́rùn-ún tàbí ìpíndọ́gba yóò rí i níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa Yorùbá mọ irú eré báyìí tẹ́lẹ̀. Ayò ọlọ́pọ́n náà, eré ìrònú ni: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ta ayò ń ka ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀, ó ń ṣọ́ ilé, ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun jẹ àti ìgbà tí ó yẹ kí òun dúró. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó ṣe kókó sí àríyànjiyàn wa. Nínú ayò, gbogbo ọmọ ayò dọ́gba. Ibi tí ó bọ́ sí àti ọwọ́ tó gbé e ló ń sọ ọ́ di ńlá. Nínú Football Manager, ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan ti gba iye tirẹ̀ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án.

Òǹkà tí ó fara pamọ́

Yàtọ̀ sí àwọn ìwọ̀n tí a lè rí, òǹkà méjì wà tí géèmù náà fi pamọ́ fún ẹni tó ń gbá a. Èkíní ń sọ bí agbábọ́ọ̀lù ṣe dára tó lónìí. Èkejì ń sọ ibi tí ó lè dára dé láyé rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè kọjá 200. Láti ìgbà tí ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù bá ti yọjú nínú géèmù ni a ti fi òpin sí i. Ẹ̀kọ́ tó dára lè mú un dé òpin náà. Ẹ̀kọ́ tí kò dára lè dá a dúró lọ́nà. Kò sí ẹ̀kọ́ tí ó lè mú un kọjá rẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ni tuntun níbẹ̀, ṣé àkúnlẹ̀yàn kọ́ nìyẹn? Rárá o. Lójú Yorùbá, ẹni náà fúnra rẹ̀ ló yan orí rẹ̀. Lẹ́yìn orí, ẹsẹ̀ wà, ìwà wà, ọwọ́ ẹni wà. Pàtàkì jù lọ ni pé ọmọ aráyé kankan kò rí orí ẹlòmíràn kó lè kọ iye lé e. Nínú géèmù yìí, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ó jókòó wo ọmọ, tí ó sì kọ òǹkà ìkẹyìn rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí a pè ní àyànmọ́ níbẹ̀ kò ju èrò òǹwòran kan lọ.

Èrò òǹwòran sì lè ṣìnà. Àpẹẹrẹ tí àwọn tó ń gbá géèmù yìí mọ̀ jù ni Cherno Samba, ọmọ Gambia tó dàgbà ní London, tó sì wà ní Millwall nígbà èwe rẹ̀. Nínú Championship Manager 2001/02, ẹni tó bá rà á ti ra ọ̀kan lára àwọn atamátàsé tó lágbára jù lágbàáyé. Lójú ayé, ó gbá bọ́ọ̀lù ní Plymouth, ó dé Finland, ó sì wọ aṣọ orílẹ̀-èdè Gambia, ṣùgbọ́n kò di irú ẹni tí òǹkà náà sọ pé yóò dà. Samba kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó kọ òǹkà lé e ló sọ àsọtẹ́lẹ̀ tí kò ṣẹ, òun ni ó sì ń ru ẹrù rẹ̀ kiri títí di òní.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá mọ sí orí fóònù, a lè rẹ́rìn-ín kí a gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2008, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Everton bá Sports Interactive ṣe àdéhùn láti máa lo àkójọ òǹkà yìí fún wíwá agbábọ́ọ̀lù gidi. Òǹkà eré ti kúrò nínú eré nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà bi ara wa léèrè: àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la, ṣé a kì í kọ òǹkà pamọ́ fún ọmọ? Olùkọ́ tó wo ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kejì sáà ẹ̀kọ́, tó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé "eléyìí kò lè kọjá ibí," tí kò sì pè é dìde dáhùn ìbéèrè mọ́, ohun tí géèmù ń ṣe ni òun náà ṣe. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọmọ inú kíláàsì kò ní ẹ̀dà mìíràn tí a lè tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tí kò sí nílé

Ẹni tó wà ní Woliwo lè fi fóònù rẹ̀ darí ìkọ̀ ní Manchester, Madrid tàbí Milan. Kò lè darí Rangers ti Enugu nínú líìgì Nàìjíríà, nítorí líìgì wa kò sí lára àwọn tí ilé iṣẹ́ náà ṣí sílẹ̀ fún gbígbá. Pápá ìṣeré Chuba Ikpeazu wà ní Onitsha gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà láti inú fóònù lọ síbẹ̀.

Ohun tí a pàdánù níbẹ̀ kò kéré. Ní 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife àwọn tó gba ife nílẹ̀ Áfíríkà. Ní 1977, Rangers gba ife yẹn kan náà, ìkọ̀ méjèèjì yìí sì pàdé nínú ìdíje kí ó tó kan àṣekágbá. Rangers, tí wọ́n dá sílẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé ní 1970, gba líìgì ní 1984, wọn kò sì tún gbà á mọ́ àfi ní 2016. Odidi ọdún 32! Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni géèmù yìí sọ pé òun fẹ́ kọ́ni. Ọmọ Woliwo tó mọ ìtàn ẹgbẹ́ London láìkù síbì kan, tí kò mọ ìtàn 1977, géèmù nìkan kọ́ ló fa àìmọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n géèmù wà lára àwọn tó fà á.

Èdè náà ńkọ́? Kò sí ẹ̀dà géèmù yìí ní Yorùbá, Ìgbò tàbí Haúsá. Bẹ́ẹ̀ àwọn oníròyìn eré ìdárayá lórí rédíò wa ti ń sọ akọ́nimọ̀ọ́gbá, atamátàsé, aṣọ́lé àti àṣekágbá tipẹ́. Ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò gbé e wọ inú fóònù ni kò tíì sí.

Ọmọ ọjà àti ọmọ iṣẹ́

Ibí ni Woliwo ti ní ohun tí ó lè sọ fún géèmù náà. Ọgbọ́n tó ń mú èrè wá jù nínú Football Manager ni kí a ra ọ̀dọ́ lówó pọ́ọ́kú, kí a tọ́ ọ, kí a tà á lówó gọbọi. Lẹ́yìn tí a bá tà á, ọ̀rọ̀ parí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan.

Ẹ wá wo Igba-boi, ètò ìkọ́ṣẹ́ òwò àwọn Ìgbò tí Onitsha gbajúmọ̀ fún. Ọ̀gá gba ọmọ sílé, ọmọ sìn ín fún ọdún mélòó kan, ó kọ́ ojú ọjà, ó mọ oníbàárà. Nígbà tí àkókò bá pé, ọ̀gá gbọ́dọ̀ yanjú rẹ̀: kí ó fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró. Ọmọ tó dá dúró náà yóò gba ọmọ mìíràn sílé. Òótọ́ ni pé àwọn ọ̀gá kan ń yẹ àdéhùn, tí wọ́n ń fẹ̀sùn kan ọmọ nígbà tí ọjọ́ ìyanjú bá kù fẹ́ẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n kódà ẹni tó yẹ àdéhùn mọ̀ pé àdéhùn wà, àwọn ará ọjà náà sì mọ̀. Nínú géèmù, kò sí ohun tí a lè yẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń retí ọjọ́ ìyanjú tirẹ̀ ní ọ̀sán, tó wá ń ta ọ̀dọ́ bí ẹrù lórí fóònù ní alẹ́, ìmọ̀ méjì tí ń tako ara wọn ló ń kọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó tì í láti bi í léèrè èwo ni ó gbà gbọ́.

Àbá àti àgbálọgbábọ̀

A kò dábàá pé kí a fi òfin de géèmù náà. Fóònù tí a gbà ní kíláàsì yóò padà sọ́wọ́ ọmọ nílé. Ohun tí a dábàá kò ná wa lówó púpọ̀. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE tó ń kọ́ èdè lọ sí pápá ilé ìwé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wo agbábọ́ọ̀lù kan fún ìṣẹ́jú ogún, kí ó sì ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Yorùbá tàbí Ìgbò láìlo òǹkà kankan. Lẹ́yìn náà kí wọ́n fi òǹkà 1 sí 20 díwọ̀n ẹni yẹn kan náà, kí wọ́n wo ohun tí ọ̀rọ̀ gbé tí òǹkà kò lè gbé, àti ohun tí òǹkà fi hàn tí ọ̀rọ̀ fi pamọ́. Ní ìparí, kí wọ́n ṣe bákan náà fún ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní àkókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́-wò wọn, kí wọ́n kọ déètì sí i, kí wọ́n sì tún un kọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Football Manager jẹ́ géèmù tó dára, àwọn tó ṣe é sì mọ bọ́ọ̀lù. Kò gbàgbé owó, kò gbàgbé àárẹ̀, kò gbàgbé ìbínú àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gbà pé a lè mọ òpin ọmọ kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀. Bí olùkọ́ bá gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó máa wọ kíláàsì lójoojúmọ́.