Ẹ̀dá-Ìtàn Amúnibínú Nínú Sinimá Aláwàdà: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀run Móoru

Ìfáàrà

Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ Yorùbá lára láti máa bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé: "Ẹ̀dá-ìtàn wo ni ẹ fẹ́ràn jù?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n ó lè ṣi ọmọ lọ́nà bí ó bá di ọ̀rọ̀ àwàdà. Nígbà tí a fi Ọ̀run Móoru han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Ṣakí, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kọ èrò wọn sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ni ó sọ pé sinimá náà kò dára tó, nítorí pé ìwà Bàbá Sàlá ń múni bínú jù. Èrò tiwa ni pé ìwà amúnibínú yẹn gan-an ni òpó tí ó gbé sinimá náà ró.

Ìtàn inú sinimá náà

Ní 1982 ni sinimá yìí jáde. Ọlá Balógun, ẹni tí ó ti darí Àjàní Ògún ní 1976, ni ó darí rẹ̀. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Sàlá, ni olú òṣèré. Kí sinimá tó dé ni àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n lórí ìtàgé àti lórí tẹlifíṣàn pẹ̀lú ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀. Oníṣòwò aṣọ tí ó ti lówó rí ni ìtàn náà dá lé. Oníjìbìtì kan fi ìlérí owó òjijì gba gbogbo ohun tí ó ní. Ìbànújẹ́ mú un bẹ́ sómi, ó bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ Ikú, wọ́n sì sọ fún un pé ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé. Ẹyin méjì ni wọ́n fún un.

Ọgbọ́n ìfìwàwẹ̀dá

Àwa tí a wà ní Òkè-Ògùn tètè rí ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín níbí. Ẹni tí ó bá mọ ọjà aṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn mọ̀ pé oníṣòwò aṣọ kì í ṣe òmùgọ̀. Yóò tẹ́ aṣọ sínú oòrùn, yóò fọwọ́ pa á wò, yóò yẹ ojú rán rẹ̀ wò, kí ó tó dá owó lé e. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ ọ̀rọ̀ oníjìbìtì wò rárá! Oníjìbìtì kò fi ipá wọlé. Ojúkòkòrò onílé ni ó ṣílẹ̀kùn fún un. Bí a bá mú ojúkòkòrò yìí kúrò, ìtàn náà tán.

Ìmúra Bàbá Sàlá pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́ kan náà. Awò ojú ràgàjì, táì ràgbàtà àti aago ńlá tí a mọ̀ mọ́ ọn ń sọ fún wa pé ohun tí ọkùnrin yìí ní kò tó o rí.

Kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Ta ni ó sọ rí pé àlọ́ Ìjàpá kò dára nítorí pé Ìjàpá jẹ́ olè àti ọ̀kánjúwà? Ẹyin tí a gbà bọ̀ láti ọ̀run kò sì ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti gbọ́ àlọ́ nípa àwọn tí ó dé ìlú iwin, tí wọ́n sì gba igbá tàbí àdó tí wọn yóò fọ́ nílé. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé náà, Harpagon, ahun inú eré Molière tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1668, kò wuni bá gbélé. Síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí eré náà parun.

Àléébù kan wà. Ní ibòmíràn, ẹ̀fẹ̀ orí ìtàgé gùn ju bí sinimá ti ń fẹ́ lọ, bí ẹni pé òṣèré ń dúró de ẹ̀rín àwọn tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Èyí kò ba ìtàn jẹ́.

Ìkádìí

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí sinimá náà lẹ́yìn tí ó jáde yẹ ní rírò. Àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ Moses Ọláìyá lọ́rùn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ orí irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ti kọ́kọ́ wò ó nígbà èwe wa. A kò bèèrè ibi tí ó ti wá. A ń fi ọ̀kánjúwà rẹ́rìn-ín, a sì ń jẹ nínú ohun tí ọ̀kánjúwà jí kó. Ní 2018 ni bàbá náà papòdà.

Nítorí náà, a dábàá pé kí a yí ìbéèrè wa padà. Kí a má bi ọmọ léèrè bí ó bá fẹ́ràn Bàbá Sàlá. Kí a bi í pé: "Kí ni ó bí ọ nínú lára rẹ̀, ara ta ni o sì ti rí i rí?" Nígbà tí a ṣe bẹ́ẹ̀, kíláàsì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.