Ìlànà Ewì Lüshi Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Ó Ju Kíka Sílébù Lọ

Ó ti pẹ́ tí àwọn akéwì tó ń lo èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ́ṣe lọ́wọ́ ewì àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà. Ìtumọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ìtumọ̀ tí Arthur Waley tẹ̀ jáde ní 1918, ó gbìyànjú láti fi sílébù wíwúwo kan nínú Gẹ̀ẹ́sì dípò sílébù Ṣáínà kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn kò dúró lórí ìtumọ̀. Wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ewì tiwọn lórí ìlànà náà. Ìbéèrè tó kan lámèyítọ́ ni èyí: kí ni ó gbọ́dọ̀ wà nínú irú ewì bẹ́ẹ̀ kí orúkọ náà tó tọ́ sí i?

Ìlà mẹ́jọ ni lüshi ní. Ó gbilẹ̀ ní ìgbà ìjọba Tang (618–907), Du Fu (712–770) sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀. Sílébù márùn-ún tàbí méje ló máa ń wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Èdè olóhùn ni èdè Ṣáínà, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti jẹ́. Àwọn akéwì sì pín ohùn mẹ́rin ìgbà náà sí ọ̀nà méjì: èyí tó tẹ́jú àti àwọn tí kò tẹ́jú. Nínú ìlà onísílébù márùn-ún, ohùn sílébù kejì gbọ́dọ̀ ta ko ti ẹ̀kẹrin. Nínú ìlà méjì méjì, ìlà kejì yóò sì yí ètò ti àkọ́kọ́ padà. Bákan náà, láti ìlà kẹta dé ìkẹfà, ìlà méjì méjì ni wọ́n ń kojú ara wọn, ọ̀rọ̀-orúkọ sí ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe sí ọ̀rọ̀-ìṣe. Gírámà ń bá ara rìn, ohùn ń ta ko ara. Níbẹ̀ ni adùn lüshi wà.

Etí Yorùbá yóò tètè gbọ́ èyí. Nínú "Ọkọ́ wà lóko, ọkọ̀ wà lódò", gírámà dọ́gba, síbẹ̀ ohùn òkè tó parí "ọkọ́" di ohùn ìsàlẹ̀ nínú "ọkọ̀", ohùn àárín tó parí "lóko" sì di ìsàlẹ̀ nínú "lódò". Ọlátúnjí ṣe àlàyé irú àtakò ohùn báyìí nínú Features of Yorùbá Oral Poetry (1984). Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Wíwúwo àti fífúyẹ́ sílébù ni tirẹ̀.

Ọ̀nà kan tí àwọn òǹkọ̀wé ń gbà ni láti lo ọ̀rọ̀ onísílébù kan ṣoṣo, nítorí pé ó jọ ti Ṣáínà lójú ìwé. Bí àpẹẹrẹ:

Rain fills the old boats,
Wind shuts the new doors.

Sílébù pé márùn-ún, ọ̀rọ̀ sì kojú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n "the" gba àyè nínú ìlà méjèèjì láìfi nǹkan kan kún ìtumọ̀, lüshi kò sì fẹ́ irú àwítúnwí bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ètò wíwúwo ìlà méjèèjì bára mu láìyẹ̀. Kò sì lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀: láàrin ọ̀rọ̀ onísílébù kan, iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe nínú gbólóhùn ló sábà máa ń sọ ọ́ di wíwúwo tàbí fífúyẹ́. Bí gírámà bá ti dọ́gba, wíwúwo náà yóò dọ́gba. Àtakò ti sọnù.

Ẹ wá wo èyí:

Canals carry rain,
Rivers receive mud.

Nínú ìlà àkọ́kọ́, sílébù kejì wúwo, ìkẹrin fúyẹ́. Nínú ìlà kejì, ìkejì fúyẹ́, ìkẹrin wúwo. Gírámà kò yẹ̀ síbẹ̀. Sílébù karùn-ún nìkan ni kò ta ko ara. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé wíwúwo "canal" àti fífúyẹ́ ìparí "river" jẹ́ ti ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohùn ti jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ní Ṣáínà àti Yorùbá.

Kì í ṣe pé wíwúwo di ohùn. Sílébù fífúyẹ́ Gẹ̀ẹ́sì a máa súnkì, fáwẹ̀lì rẹ̀ a sì máa rọ. Ohùn kì í sọ sílébù Ṣáínà di aláìlágbára bẹ́ẹ̀. Arọ́pò ni, ṣùgbọ́n arọ́pò tó ń ṣiṣẹ́ ni.

Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Ewì tó jọ ti Ṣáínà jù lójú ìwé ló jìnnà sí i jù létí. Olùkọ́ tó bá ka sílébù nìkan yóò fún àpẹẹrẹ méjèèjì ní máàkì kan náà, yóò sì ti ṣi ewì méjèèjì gbọ́.