Kọ̀ǹténà Kọ́ Ló Dí Èbúté Lọ́nà



Ní Ara níbí, bí ẹnìkan bá ní òun wà ní kọ̀ǹténà, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì ló ń sọ. A mọ irin náà dáadáa. Ètò tó bí i ni a kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń wí pé, ká ní kọ̀ǹténà ni àwọn ológun wa lò ní 1975, èbúté Èkó kì bá tí dí.

Ẹ wo ìtàn náà. Ìjọba Gowon ra nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì. Ilé-iṣẹ́ Ààbò nìkan ló ni mílíọ̀nù 16 nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan péré ni èbúté lè gbà lọ́dún! Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú òkun, owó ìdádúró ń gorí ara wọn. Àdéhùn kan, tọ́ọ̀nù 240,000 fún kíkọ́ bárékè, di ẹjọ́ Trendtex tí ilé ẹjọ́ dá ní London ní 1977. Kí wá ni kọ̀ǹténà fẹ́ ṣe sí èyí? Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà: ẹni tó ń rajà kò bá ẹni tó ni èbúté sọ̀rọ̀.

Wọ́n á ní Vietnam ńkọ́? Lóòótọ́, ní 1967, ọkọ̀ iléeṣẹ́ Malcom McLean gbé kọ̀ǹténà 609 dé Cam Ranh Bay, ọ̀nà sì là. Àmọ́ wọ́n ti ṣètò kéréènì àti trélà tí yóò gbà á kó tó dé. Ní ogun Gulf ní 1991, àwọn ológun Amẹ́ríkà kan náà kó nǹkan bíi 40,000 kọ̀ǹténà lọ. Ó lé ní ìdajì tí wọ́n ní láti ṣí kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú wọn, torí àkọlé ara wọn kò tó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan èmi onímọ̀ ẹ̀dá èdè. Kọ̀ǹténà tí kò ní àkọlé gidi dà bí ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ ìró rẹ̀, tí a ò mọ ìtumọ̀. Ọmọ ẹni tó wà lójú ogun ní Borno, tí ọta ìbọn ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní í bèèrè bóyá inú àpò ni wọ́n di tirẹ̀ sí tàbí inú irin. Ṣé ẹnikẹ́ni mọ ibi tó wà? Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn.