Ìdágbére Kúdẹtì

Ìwé kan wà tí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀sìn Ìgbàgbọ́ ní Ìbàdàn kò lè fojú fò. Seventeen Years in the Yoruba Country ni orúkọ rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1872. Lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Anna Hinderer, ìyàwó àlùfáà David Hinderer ti ẹgbẹ́ C.M.S., ni ó kún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe Anna ni ó to ìwé náà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó kó o jọ nígbà tí obìnrin náà ti dolóògbé. Mo ti ka ìwé yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. N kò rò pé ó purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo bá a wí lé lórí ni ọ̀nà tí ó gbà mú wa wo ìgbà tí tọkọtaya náà dágbére fún Ìbàdàn ní ọdún 1869.

Ẹni tí ó bá ti Mápó sọ̀ kalẹ̀, tí ó gba Ọjà'ba àti Pópó Yemọja dé Ìdí Arère, kò jìnnà sí Kúdẹtì mọ́. Níbẹ̀ ni ọgbà ìjọ St. David wà, níbẹ̀ náà sì ni ilé tí àwọn ará Ìbàdàn gbà pé òun ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nínú ìlú wọn. Ọdún 1851 ni David Hinderer, ọmọ Jámánì, kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn. Ó padà lọ sókè òkun, ó gbé Anna níyàwó ní 1852, àwọn méjèèjì sì jọ dé ní 1853. Gbogbo ìtàn tí mo ń gbọ́ ní agbègbè yìí, yálà lẹ́nu àwọn àgbààgbà ìjọ ni o tàbí lẹ́nu àwọn olùkọ́ ilé ìwé, orí dídé yìí ni ó máa ń dúró sí. Kò yà mí lẹ́nu. Dídé ní orin, ó ní ayẹyẹ, ó sì ní ọjọ́ tí a lè máa ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ta ni yóò ṣe ayẹyẹ ọjọ́ tí àlejò di ẹrù rẹ̀?

Àwọn tí ó tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìlọ, ìlọ ọdún 1865 ni wọ́n ń sọ. Láti 1860 ni ogun Ìjàyè ti dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Àwọn Ẹ̀gbá dí ọ̀nà tiwọn, àwọn Ìjẹ̀bú náà dí tiwọn, owó àti ẹrù tí C.M.S. ń fi ránṣẹ́ kò sì rí ọ̀nà dé. Ó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Hinderer ń ta àwọn agolo òfìfo inú ilé wọn kí wọ́n lè rí owó ẹyọ fi ra oúnjẹ. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin ọdún 1865, Glover, ẹni tí ó ń ṣàkóso Èkó, rán ọ̀gágun Maxwell gba inú igbó wá. Ọkùnrin náà dé lójijì. Wákàtí díẹ̀ péré ni Anna fi palẹ̀ mọ́ kí àwọn aláàárù tó gbé e léjìká lọ sí Èkó. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn. Ìtàn gidi nìyẹn! Ewu wà níbẹ̀, ìkánjú wà níbẹ̀, ìyapa tọkọtaya wà níbẹ̀. Òǹkọ̀wé tí kò bá rí nǹkan fi irú rẹ̀ ṣe, kí ó yáa lọ wá iṣẹ́ mìíràn.

Ìlọ ọdún 1869 kò ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Wọ́n ti padà wá sí Ìbàdàn lẹ́yìn ogun, ara kò sì gbé e mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan tí ó máa ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́rìn-ín: a máa ń fọkàn rò ó pé arúgbó méjì ni a ń sọ̀rọ̀ wọn. Ọdún 1827 ni a bí Anna. Ọmọ ọdún 26 ni nígbà tí ó di ìyá fún agbo ọmọ tí kì í ṣe òun ni ó bí wọn. Nígbà tí ó ń lọ pátápátá, kò tíì pé ọdún 43. Ọkọ rẹ̀ kò ju ẹni nǹkan bí àádọ́ta ọdún lọ. Àgbà ni wọ́n nípa ọdún iṣẹ́, àti nípa ohun tí ibà àti ebi ti sọ ara wọn dà.

Bí kò ti sí ogun nínú ìlọ kejì yìí, kí ni ó wá wà níbẹ̀? Lójú tèmi, ohun tí ó wà níbẹ̀ ni àwọn ìbéèrè tí ó máa ń wáyé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó lọ. Ta ni yóò gba kọ́kọ́rọ́? Àwọn ọmọ inú ọgbà, tí a ra àwọn mìíràn nínú wọn padà lóko ẹrú, ta ni wọn yóò máa pè ní ìyá? Balógun Olúnlọ́yọ̀ó ti fi Yéjídé àti Akínyẹlé, ọmọ rẹ̀ méjèèjì, fún àwọn Hinderer kọ́ ní ìwé. Nígbà tí olùkọ́ bá lọ, ta ni yóò máa bá irú ilé ìjòyè bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀? Ìbéèrè wọ̀nyí kò ní ariwo, ṣùgbọ́n àwọn ni ìdáhùn wọn kọ́ ìjọ Ìbàdàn.

Ìwé ìrántí olóògbé kò lè dúró sórí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àṣà ìkọ̀wé rẹ̀ kò sì gbà á. Àwọn tí ó kó lẹ́tà Anna jọ ti mọ̀ pé yóò kú ní Martham, ní agbègbè Norfolk, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1870, ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí ó kúrò ní Kúdẹtì. Ojú ikú ni wọ́n fi wo ìlọ náà. Òǹkàwé pẹ̀lú yóò máa ka ẹrù dídì bí ẹni ń ka pósí kíkàn. Ẹ fi èyí wé bí Yorùbá ṣe ń ki òkú. A kì í ki òkú tán kí a má yà sọ́dọ̀ àwọn tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn gan-an ni etí ń bẹ lọ́rùn wọn láti gbọ́ oríkì náà. Nínú ìwé ti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn olólùfẹ́ iṣẹ́ míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ń kọ̀wé sí. Kò sí ìdí tí a ó fi bínú sí wọn. Owó wọn ni ó ń bọ́ iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí Kúdẹtì ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé, 'Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ ńkọ́?'

Èdè wa pàápàá mú kí ìdágbére náà ṣòro. Ó dàbọ̀ ni Yorùbá ń wí, àbọ̀ sì wà nínú rẹ̀: ẹni tí ń lọ yóò bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń wí pé ilé làbọ̀ sinmi oko. Níbo ni oko Anna, níbo sì ni ilé rẹ̀? Fún àwọn tí ó to lẹ́tà rẹ̀, ìdáhùn kò le: Ìbàdàn ni oko, Norfolk ni ilé. Fún ọmọ tí ó ti inú ẹrú bọ́ sínú ọgbà rẹ̀, òdìkejì ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá gbóná jù lọ nìyí. Ní ọdún 1864 ni a fi Samuel Ajayi Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ẹni tí kò bá mọ inú ọ̀rọ̀ yóò rò pé ilẹ̀ Yorùbá tí a ti bí i ni a fi sí abẹ́ rẹ̀. Rárá o. A yọ Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn sílẹ̀, nítorí pé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá, tí Henry Townsend jẹ́ abẹnugan wọn, kò fẹ́ wà lábẹ́ bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú. Agbègbè tí a yọ sílẹ̀ yìí gan-an ni Hinderer ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn náà, ìjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà ní Ìbàdàn, ti Kúdẹtì, ti Arẹ̀mọ àti ti Ògùnpa, bọ́ sí ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Kì í ṣe pé ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù yí èrò rẹ̀ padà. Àìsàn ni, ati ọ̀nà tí ó dí. Ní 1867 ni Abẹ́òkúta ti lé àwọn òyìnbó jáde, nínú rúkèrúdò tí wọ́n pè ní Ìfọ́lé. Nígbà tí àwọn Hinderer sì lọ, ó pẹ́ kí òyìnbó míṣọ́nnárì mìíràn tó tún fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé. Ohun tí ètò kò fẹ́ ṣe, ibà ṣe é.

Daniel Olubi ni a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ẹ̀gbá ni, ó ti ń sin Hinderer bí ọmọ ọ̀dọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Ìbàdàn, ó sì ti di olùkọ́ni kí ọ̀gá rẹ̀ tó lọ. Ṣùgbọ́n a kò tíì fi í joyè kankan nínú iṣẹ́ àlùfáà. Ọdún 1871 ni ó di díákónì, díákónì pàápàá kò sì lè ya Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa sí mímọ́ ní ìlànà Áńgílíkà. A fún un ní kọ́kọ́rọ́, a kò fún un ní ife. Àwọn kan lè sọ pé ètò ìjọ ni, pé kì í ṣe ẹ̀bi Hinderer. Mo gbà bẹ́ẹ̀ dé ààyè kan. Síbẹ̀, ẹni tí ó lo ọdún 16 níbì kan, tí kò sì sí ẹnì kan tí a ti fi joyè nínú àwọn tí ó tọ́ dàgbà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ó ń lọ, ó yẹ kí ìwé tí ó ń yìn ín dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Iṣẹ́ ọwọ́ Hinderer fúnra rẹ̀ lè ràn wá lọ́wọ́ níbí. Òun ni ó túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Yorùbá, Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́, tí ó jáde ní 1866. Àwọn lámèyítọ́ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ohun tí Fágúnwà rí mú nínú ìwé yẹn. Ohun tí ó wù mí jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, èrò. Nínú ìtàn Bunyan, ẹnì kan ṣoṣo ni ó di ẹrù lé ẹ̀yìn tí ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ tí ó ń sá lọ. Èrò ti Yorùbá kì í sábà dá rìn. Èrò ọjà ni, èrò ọ̀nà ni, agbo ni. Hinderer yan ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ìtàn tí ó ń túmọ̀ lọ. Nígbà tí òun alára wá di èrò, àwọn tí wọ́n jọ ń rìn ni ó ń bá ìrìn náà lọ.

Samuel Johnson jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọdé ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kó ìdílé rẹ̀ kúrò ní Sierra Leone tẹ̀lé Hinderer wá sí Ìbàdàn; ọmọ ọdún 23 ni ní 1869, ó sì ti ń ṣe olùkọ́. Òun ni ó kọ The History of the Yorubas, tí ó parí ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921. Ẹ ka ìwé méjèèjì pọ̀. Nínú ti Anna, Ìbàdàn jẹ́ ibi tí a ti jìyà nítorí Ọlọ́run. Nínú ti Johnson, Ìbàdàn jẹ́ ìlú tí ó ní ìjòyè, ìjà, òfin àti ẹ̀bi. Àwọn Hinderer sì jẹ́ olùgbé kan nínú rẹ̀. Bí olùkọ́ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun lọ dáadáa, kí ó wo bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń rí ìlú láìgba ojú rẹ̀.

Lóde òní, àwọn tiwa ni ó ń lọ. Òpópónà Old Kent Road ní Lọ́ńdọ̀nù kún fún ìjọ àwọn ọmọ Nàìjíríà, àgbà tọkọtaya sì ń ti ìhín lọ ṣe olùtọ́jú ìjọ lọ́hùn-ún. Nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, ìwé ìrántí wọn yóò jáde, fọ́tò á kún inú rẹ̀. N óò máa wá orúkọ ẹni tí ó gba kọ́kọ́rọ́.

David Hinderer tún padà sí ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kí àti Oǹdó, kí ó tó lọ sílé pátápátá. Ó kú ní 1890. Olubi wà láàyè títí di 1912, ọdún 43 gbáko lẹ́yìn ìdágbére náà. Òun pẹ̀lú kọ àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́. Ó wà nínú àpamọ́ C.M.S. ní Yunifásítì Birmingham, bí ó ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.