Oúnjẹ Tí Kò Hàn Lára: Lórí Géèmù Tí Apá Kejì Rẹ̀ Ń Fúyẹ́

Mo mọ̀ pé lítíréṣọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni bí a ṣe ń tú ìtàn palẹ̀ kò lè máa wo ìtàn tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ lójoojúmọ́, kó wá ní kò kan òun. Géèmù fídíò ni mo bá dé lónìí. Ọ̀kan nínú yín ló bi mí pé: “Prof, kí ló dé tí géèmù àkọ́kọ́ fi máa ń jinlẹ̀ ju èyí tó tẹ̀lé e lọ, nígbà tó jẹ́ pé èyí tó tẹ̀lé e ló rẹwà jù?” Ìbéèrè gidi ni. Mi ò sì ní fi “ayé àtijọ́ dára” dáhùn, torí pé irọ́ ni ìyẹn náà máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Irú géèmù tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ gbalasa. Ibi tó bá wù ọ́ lo lè gbà, o lè pa iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ tì, o lè lọ jókòó sétí òkun. Nínú rẹ̀, ò ń kó ipa ẹnì kan, bí òṣèré ṣe ń kó ipa. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ohun tó ń mú kí ipa jẹ́ ipa ni pé ohun tí o bá ṣe gbọ́dọ̀ hàn lára ẹni tí o dà. Bí wọ́n bá yọ ìyẹn kúrò, bí wọ́n tilẹ̀ fi wúrà kun gbogbo ìlú náà, ìran wíwò lásán ló kù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí gbogbo Ọ̀jọ́ mọ̀. Oṣù October 2004 ni ilé-iṣẹ́ Rockstar gbé Grand Theft Auto: San Andreas jáde fún PlayStation 2. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ṣòro kí n kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Okokomáíkò kí n má gbọ́ ohùn CJ pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀. Ọjà Alábà kò jìnnà sí wa. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ àti dísìkì kì í ṣe ohun àwátì ládùúgbò yìí. Bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbá nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé bọ́ọ̀lù máa ń parí: wọ́n gbá a tán, ẹni tí wọ́n nà dìde, ẹlòmíràn jókòó. CJ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ mẹ́mọ́rì káàdì, ó ń fẹ́ sùúrù, ó sì ń jẹ owó.

Kí ni wọ́n ń ná owó náà sí? Bí o bá ń fi bọ́gà àti písà rọ CJ lójoojúmọ́, ikùn rẹ̀ á yọ síta, eré sísá á di wàhálà fún un, àwọn èèyàn títì á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí o bá gbé e lọ sí jíìmù, iṣan rẹ̀ á le, ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ á sì máa dun ẹni tó bá bà. Bí o bá gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ pátápátá, á bẹ̀rẹ̀ sí í rù, iṣan tí o fi làálàá kó jọ á máa yọ́ lọ. Lílúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi ló ń mú kí èémí rẹ̀ gùn, iṣẹ́ kan sì wà tí wọn kò ní gbé fún ọ àfi tí èémí náà bá tó. Wíwa mọ́tò, gígun kẹ̀kẹ́, wíwa bàálù, yíyin ìbọn, gbogbo wọn ló ní ìwọ̀n tiwọn, lílò ló sì ń mú ìwọ̀n náà gòkè. Ọ̀wọ̀ pàápàá ní ìwọ̀n: bí ọ̀wọ̀ rẹ bá ṣe tó ni iye ọmọ ẹgbẹ́ tí yóò tẹ̀ lé ọ jáde ṣe máa tó.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: “Ah, Prof, ṣebí cheat la máa ń tẹ̀!” Mo mọ̀. Mo ti rí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ kan ní Ìbà tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ R1, R2, L1, òkè, ìsàlẹ̀, tó sì dára lójú ju ìṣirò tó wà ní ìdajì kejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ẹni tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú mọ̀ pé ọ̀nà tààrà wà níbì kan. Ọmọ tó tẹ kóòdù kí CJ lè taagun mọ̀ pé ohun tí à ń ṣiṣẹ́ fún ni ara líle, òun ló kàn fò ó dá. Òye ohun tó fò dá wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí Grand Theft Auto IV dé ní oṣù April 2008, ìlú rẹ̀ dára ju ti San Andreas lọ fíìfíì. Niko Bellic, àlejò tó ti ìlà-oòrùn Yúróòpù wọ Amẹ́ríkà, ni ẹni tí à ń kó ipa rẹ̀. Ìrìn rẹ̀, ìṣubú rẹ̀, bó ṣe ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí mọ́tò bá gbá a, bí èèyàn gidi ló rí. Ṣùgbọ́n Niko lè jẹun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò ní sanra. Oúnjẹ kàn ń wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn ni. Jíìmù kò sí. Irun orí rẹ̀ pàápàá kò ṣeé gẹ̀.

Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn o. Géèmù náà kì í ṣe òfìfo. Ó gbé ìpinnu kúrò lórí ara, ó gbé e lé ọkàn. Ó dé ibi tí o ti gbọ́dọ̀ yàn láàárín Playboy X àti Dwayne, èwo ni yóò kú. Ní ìparí, ìyàn tí o bá ṣe ló ń pinnu bóyá Roman ìbátan rẹ ló máa kú tàbí Kate. Ìpinnu tó wúwo nìyẹn. Àmọ́ ẹ kíyè sí iye ìgbà tó ṣẹlẹ̀: ẹ̀ẹ̀mélòó kan péré ni, nínú géèmù tí èèyàn ń fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí ṣe. Ìpinnu CJ jẹ́ ti ojoojúmọ́. Ìwà ojoojúmọ́ sì ni àwa Yorùbá ń pè ní ìwà.

Ní oṣù September 2013 ni Grand Theft Auto V jáde, tí ìwọ̀n-ìwọ̀n sì padà dé fún Michael, Franklin àti Trevor: èémí, agbára, ìwakọ̀, yíyọ́ rìn. Àwọn kan patẹ́wọ́. Èmi wò ó, mo ní kò tíì tó. Michael á sáré títí, òǹkà rẹ̀ á gòkè, ikùn rẹ̀ á sì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú títì, kò sẹ́ni tó máa yìn ín. Wọ́n dá nọ́mbà padà, wọn kò dá àbájáde padà.

Kì í ṣe Rockstar nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Bethesda ní Amẹ́ríkà ní géèmù kan tí wọ́n ń pè ní The Elder Scrolls. Ẹ̀kẹta rẹ̀, Morrowind, jáde ní 2002. Oblivion tẹ̀ lé e ní 2006. Skyrim dé ní 2011. Ẹ̀ka ìmọ̀ tí ènìyàn lè ní nínú Morrowind jẹ́ 27, ó di 21 nínú Oblivion, ó di 18 nínú Skyrim. Nọ́mbà tó dín kù kò tíì di ẹ̀sùn. Ohun tí mo fẹ́ ká wò ni ẹgbẹ́ àwọn onídán. Nínú Morrowind, bí ìmọ̀ idán rẹ kò bá tó ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀, wọn kò ní gbé ọ ga, ì báà jẹ́ pé o ti jẹ́ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n rán ọ. Nínú Skyrim, o lè di olórí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ idán Winterhold láì mọ̀ ju idán ọmọdé kan tàbí méjì lọ, bí o bá ṣáà ti fi idà gba ara rẹ là títí dé ìparí ìtàn. Ẹ gbà mí o! Èmi tí mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìgbéga títí irun fi funfun, mo wo ìyẹn, mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà inú mi bàjẹ́. Oyè tí kò bi ọ́ pé kí lo mọ̀, oyè kọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà náà ńkọ́? Bí a bá ń júwe ilé fún àlejò tó ń ti Mile 2 bọ̀ ní àdúgbò wa, a óò ní: “Bọ́ sílẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà, má jẹ́ kí wọ́n gbé ọ dé Okoko. Wọ mọ́tò Ìgándò, sọ fún kọ̀ndọ́ kó já ọ sílẹ̀ ní ẹ́síteètì. Bí o bá débẹ̀, wá béèrè.” Bí Morrowind ṣe ń júwe ọ̀nà gan-an nìyẹn: odò ní apá òsì, òkúta ńlá níwájú, lẹ́yìn náà kí o yà. O lè sọnù. Àmọ́ bí o bá débẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, o ti di ọmọ àdúgbò. Láti Oblivion ni ọfà ti ń tọ́ka síbi tí ò ń lọ. Ọfà náà kò jẹ́ kí o sọnù, kò sì jẹ́ kí o mọ ibì kankan.

Ó tó àkókò kí n gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kejì. Ẹnì kan lè sọ pé: “Prof, ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ ní àsìkò. Èmi tí mo ti Èkó dé, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Àgbádárìgì ti lù bolẹ̀, tí iná sì lè lọ nígbàkúgbà, ṣé ìwé òfin géèmù ni kí n wá máa kà?” Òótọ́ ni. Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí wọ́n yọ. Nínú Oblivion, bí o kò bá ṣọ́ bí o ṣe ń gòkè, tí o kò máa ṣírò irú ìmọ̀ tí o lò kí àǹfààní rẹ lè pé, àwọn ọ̀tá tó ń dàgbà pẹ̀lú rẹ á lágbára jù ọ́ lọ. Ìyà fún ẹni tí kò mọ ìṣirò nìyẹn. Nígbà tí Skyrim da ìṣirò náà nù, ó ṣe dáadáa. Bí a bá ń bó ẹ̀gúsí, èèpo là ń sọ nù. Ẹjọ́ mi ni pé ọwọ́ wọn ti ń da ẹ̀gúsí nù mọ́ èèpo.

Ẹ̀rí pé méjèèjì yàtọ̀ wà níwájú wa: San Andreas fúnra rẹ̀ rọrùn. Kò sí ọmọ ọdún mẹ́wàá tó nílò ìwé kó tó mọ̀ pé ẹni tó ń jẹun láì ṣeré ìdárayá á sanra. Ó ti mọ̀ ọ́n látilé. Nítorí náà, ohun tó rọrùn láti yéni kì í ṣe ọ̀tá ohun tó ní àbájáde. Ẹni tó bá sọ pé òun yọ ọ́ kúrò kí géèmù lè rọrùn kò tíì dáhùn ìbéèrè.

Ẹ̀yin tí a jọ ka Fágúnwà, ẹ rántí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, 1938. Kí ló dé tí Àkàrà-ògùn kò fi dá lọ sí Òkè Láńgbòdó? Kàkó ní kùmọ̀, Èfòìyẹ̀ ní ọfà, Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko àti ẹyẹ, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n. Ohun tí ọ̀kan kò ní ló sọ èkejì di ẹni tí a nílò. Ẹ fún Kàkó ní ohùn, ẹ fún un ní ọfà, ẹ fún un ní ọgbọ́n, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá ẹ tún fẹ́ gbọ́ ìtàn àwọn yòókù. Skyrim fún Kàkó ní gbogbo rẹ̀.

Kí ló fà á? Owó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀ kò wọ́n. Èyí tí òṣèré gbọ́dọ̀ wọ sítúdíò lọ sọ wọ́n gan-an. Kíkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rọ̀ inú Morrowind. Nínú Fallout 4, tí ilé-iṣẹ́ kan náà gbé jáde ní 2015, wọ́n fún ẹni tí à ń kó ipa rẹ̀ ní ohùn òṣèré, ìdáhùn rẹ̀ sì di mẹ́rin péré lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sì ju ọ̀rọ̀ kúkurú lọ lójú páálí. Ó ní ohùn, kò ní ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan. Rockstar kan náà dá oúnjẹ àti ara padà nínú Red Dead Redemption 2 ní 2018: Arthur Morgan ń sanra, ó ń rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ń hù, ìwà rere àti búburú rẹ̀ sì ń yí bí ayé ṣe ń bá a lò padà. Lọ́dún kan náà, Kingdom Come: Deliverance jáde láti Czech. Henry, ọmọ alágbẹ̀dẹ, kò mọ̀wé kà níbẹ̀. Bí o bá ṣí ìwé fún un, lẹ́tà dàrú ni wàá rí, àfi tí o bá lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Baldur's Gate 3, apá kẹta géèmù àtijọ́ kan, kún fún ìpinnu dẹ́nu, òun náà ló sì gba ẹ̀bùn géèmù ọdún ní The Game Awards 2023. Àwọn èèyàn rà á. Ẹnu wọn kò kọ egungun.

Ìdí tí mo fi ń da ara mi láàmú ni pé àwọn kan nínú yín ti ń kọ géèmù báyìí, nílé-iṣẹ́ níbí l'Ékòó àti lókè òkun. Owó yín kò pọ̀ tó láti ya ìlú bíi ti Rockstar, ẹ má sì gbìyànjú ẹ̀. Ohun tó ti wà lọ́wọ́ yín ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ ti mọ ayé tí gbogbo nǹkan ti ń hàn lára: bí o ṣe kí ìyá oníṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ló máa sọ bóyá á tà ọ́ láwìn lálẹ́. Ẹ fi ìyẹn sínú géèmù, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì dé apá kejì, tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ yọ nǹkan kan, ẹ bi í pé: bí a bá yọ èyí, ṣé ẹni tó ṣe rere àti ẹni tó ṣe ìkà á ṣì yàtọ̀ síra lójú ẹni tó bá pàdé wọn? Bí wọ́n bá ṣì yàtọ̀, ẹ yọ ọ́. Bí wọn ò bá yàtọ̀ mọ́, ẹ fi í sílẹ̀.