Ère Tí Ń Wo Ojú Ọ̀run

Ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́, àti ní àwọn ìlú Ìjẹ̀bú mìíràn tí ó wà létí ọ̀sà, a máa ń ṣe ọdún kan fún àwọn ẹbọra omi, èyí tí à ń pè ní Agbó tàbí Màgbó. Àwọn oníjó rẹ̀ a máa gbé ère igi lérí, a sì gbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú ère náà bí ẹ̀dá omi àti ẹranko igbó: ọ̀nì ẹlẹ́nu gbọọrọ, etu oníwo, àti ẹyẹ. Ẹwà ère wọ̀nyí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń wò ó lódì.

Ẹni tí ó bá bá ère Agbó pàdé ní ilé tí a ń kó ohun àtijọ́ sí, ara ògiri ni yóò sábà ti rí i, lóòró. Yóò ní, “Èyí kò jọ ọ̀nì rárá, imú rẹ̀ gùn rékọjá.” Òótọ́ ni, bí a bá gbé e kọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n a kò gbẹ́ ère náà fún ògiri. Ńṣe ni í dùbúlẹ̀ gbalaja lórí oníjó, tí í sì kọjú sí ọ̀run. Ẹ̀yin tí ẹ ti tukọ̀ lójú ọ̀sà rí, ẹ mọ bí ọ̀nì ti í rí nínú omi: gbogbo ara rẹ̀ a rì, kìkì ojú àti ihò imú rẹ̀ ni í yọ. Ohun tí agbẹ́gilére rí nìyẹn. Lójú tèmi, aṣọ oníjó ni omi, ère sì ni ọ̀nì tí ó léfòó.

Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, bi àwọn ènìyàn wa léèrè ohun tí í mú ère dára, ó sì tẹ èsì wọn jáde ní 1973. Jíjọra wà nínú rẹ̀: kí ère má ṣe jọ ẹ̀dá náà tán pátápátá, kí ó má sì ṣàìjọ ọ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ní ti Agbó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ipò tí ère wà kí a tó sọ bóyá ó jọ.

Ní 1986 Henry John Drewal tẹ fọ́tò àwọn oníjó Ìjẹ̀bú jáde. Nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ère wà ní ipò rẹ̀, ìyẹn sì ti ju ti ògiri lọ. Àmọ́ fọ́tò a máa dá oníjó dúró, ọ̀nì tí kò sì mira kò yàtọ̀ sí ìtì igi. Sinimá ayé àtijọ́, irú èyí tí a fi hàn ní Glover Hall ní Èkó ní 1903, kò fọhùn. Síbẹ̀, bí irú rẹ̀ bá gba ijó Agbó sílẹ̀, èmi ìbá yàn án ju fọ́tò tí ó mọ́ jùlọ lọ. A ó pàdánù ìlù, àdánù ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n a ó rí bí imú gígùn náà ti ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ẹni ń wá ẹran.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ òde òní lè dàgbà láìfojú kan ọ̀nì lójú omi rí. Ère yìí ni yóò fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin olùtọ́jú ohun àtijọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí kò ga ju àyà ọmọdé lọ, kí ojú rẹ̀ wo òkè.